Mọ́tò Batman ti ọdún 1966: èwo ni òótọ́ rẹ̀, èwo ni ojú ọmọdé?

Àdán_Ọ̀sán:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ eré Batman orí tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé wá, èyí tí Adam West àti Burt Ward ṣe. Iléeṣẹ́ ABC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1966, ó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1968, ìpín 120 lápapọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó wò ó ní kékeré ya ohun kan nínú eré náà sórí ìwé: mọ́tò ni yóò yà kó tó ya Batman fúnra rẹ̀. Dúdú kìjikìji, ìlà pupa yí i ká, ìyẹ́ méjì lẹ́yìn, iná ń bú jáde nídìí.

Ṣé iná yẹn ló ń tì í lóòótọ́? Ṣé ó ń sáré tó bẹ́ẹ̀? Mélòó ni wọ́n ṣe? Àti ẹni tó bá fẹ́ to kékeré rẹ̀ láti inú kíìtì (ẹ̀yà oníke tí a ń lẹ̀ pọ̀), tàbí tó fẹ́ tún mọ́tò ìṣeré Corgi àtijọ́ ṣe, ibo ló ti máa ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá sọ ìtàn ìgbà èwe yín fún wa o. Irin àti ọ̀dà ni ká sọ.

Pánẹ́ẹ̀lì_Bítà_Àgbà:
Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ọmọ Batman látilẹ̀. Lincoln Futura ni, ọkọ̀ tí Ford fi ṣe fáàrí níbi ìpàtẹ mọ́tò ní ọdún 1955. Bill Schmidt àti John Najjar ló yà á, àwọn Ghia ní ìlú Turin ní Ítálì ló fi ọwọ́ lu irin rẹ̀. Nǹkan bí ìdámẹ́rin mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ní ó gbà, owó 1955 ni mo ń sọ o. Funfun ni nígbà náà, funfun tó ń dán, tó ní búlúù díẹ̀ nínú. Ẹja òkun ni Schmidt wò kó tó ya ìyẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹja ni kó tó di àdán.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìpàtẹ kò ní ẹ́ńjìnnì, òkú irin ni wọ́n. Futura ń rìn ní tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Lincoln V8 ló wà nínú rẹ̀, 368 kúbíìkì íńṣì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 226, bíi mítà 5.7. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ íńṣì 126. Ẹ má gbàgbé 126 yẹn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ní 1959 wọ́n fi ṣe fíìmù kan, wọ́n sì kùn ún ní pupa torí pé funfun yẹn kò hàn dáadáa lójú kámẹ́rà. Lẹ́yìn ìyẹn ó balẹ̀ sọ́dọ̀ George Barris, ẹni tó ń sọ mọ́tò di àrà ọ̀tọ̀, ní Kalifóníà, ó jókòó síbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Nígbà tó di 1965, Dean Jeffries, oníṣẹ́ mọ́tò bíi tirẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ mọ́tò Batman fún, Cadillac 1959 ló sì fẹ́ lò. Àwọn onífíìmù wá ní àwọn ń fẹ́ ẹ kíákíá ju àdéhùn lọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Jeffries, ó bọ́ sí ti Barris. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ta ni yóò lu mọ́tò tuntun láti orí dé ìdí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ló bá yíjú sí Futura tó ń gba òòrùn. Herb Grasse bá a yà á, Bill Cushenbery ló gé irin tó sì jó o.

Imú ni wọ́n sọ di ojú àdán. Wọ́n gé ẹnu ihò táyà kó gbòòrò, wọ́n fa ìyẹ́ ẹ̀yìn wá síwájú wọ inú ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí òrùlé gíláàsì, wọ́n sì gbé irin tó tẹ̀ bí ọrun sí àárín, iná pupa lórí rẹ̀. Sítíárìn inú rẹ̀, ti Edsel 1958 ni. Ẹni tó bá mọ irin yóò rí i pé ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tí àkókò ń lé.

Ọmọ_Ìgboro:
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní dọ́là kan péré ni Barris fi ra Futura. Ṣé kì í ṣe àsọdùn?

Pánẹ́ẹ̀lì_Bítà_Àgbà:
Dọ́là kan ló wà nínú ìwé. Bí ẹni fi kọ́bọ̀ kan lélẹ̀ kí àdéhùn lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Ohun tó ṣe kókó ni pé Barris kò ta ọkọ̀ náà fún àwọn onífíìmù. Ó fi háyà fún wọn ni. Ìdí nìyẹn tó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2013, tí wọ́n lù ú ní gbàǹjo níbi ọjà Barrett-Jackson ní Scottsdale, Arizona. Mílíọ̀nù 4.2 dọ́là ni òòlù kàn. Nígbà tí owó àwọn alágbàtà wọ̀ ọ́, ó di mílíọ̀nù 4.62. Ẹ wo dọ́là kan!

Ìyá_Fíìmù:
Ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ eré sísá, torí kámẹ́rà ló ni ín.

Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí fíìmù bá ń yí. Bí ẹni tó ń yà á bá dín in kù, ká ní sí 12, tí wọ́n wá fi hàn ní 24, ọkọ̀ tó rọra ń lọ ní kìlómítà 30 ní wákàtí yóò dà bí ẹni ń lọ ní 60. Ìjáde láti inú ihò àpáta tí Batman ń gbé mọ́tò sí nínú eré ló hàn jù sí. Ihò yẹn wà lóòótọ́: Bronson Canyon ni, nínú Griffith Park ní Los Angeles. Ẹnu rẹ̀ há débi pé mọ́tò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ibẹ̀ kọjá. Awakọ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ yóò fi ìyẹ́ rẹ̀ họ àpáta. Nítorí náà, ó ní láti rọra jáde, kámẹ́rà sì sáré fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, ẹ má wo mọ́tò, ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewé igi máa ń gbọ̀n gìrìgìrì ju bí afẹ́fẹ́ ti í ṣe é lọ, eruku á dìde, á sì balẹ̀ wéré. Ìjáde kan náà ni wọ́n ń lò lálòtúnlò, òun náà àti pátákó tó ní Gotham City, ìlú Batman, ku máìlì 14. Ó bọ́gbọ́n mu. Ìpín méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé jáde ní sáà kìíní àti èkejì, ta ló ní àyè láti lọ máa ya ihò ní gbogbo ìgbà?

Ohùn fíìì tó ń dún bí bàálù, inú sítúdíò ni wọ́n ti fi kún un. Ilé àwọn ọ̀daràn ńkọ́, tí gbogbo nǹkan ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan? Kámẹ́rà ni wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ.

Dókítà_Táyà:
Iná ìdí rẹ̀ kò ti ọkọ̀ kankan. V8 lásán ló ń yí táyà ẹ̀yìn, bí ti gbogbo Lincoln. Ohun ojú ni iná yẹn, wọ́n ń tàn án fún kámẹ́rà, wọ́n sì ń pa á.

Kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lágara. Ó ń gbóná, bátìrì ń kú, táyà Mickey Thompson olówó ńlá ń bẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló nídìí. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn lù fún ìpàtẹ, tó wúwo ju tọ́nù méjì lọ, tó sì ti pẹ́ tó ti ń jókòó, ni wọ́n gbé wọ ojú iṣẹ́ tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa yí láìrìn. Ọkọ̀ tí kò rìn, afẹ́fẹ́ kì í gba inú rédíétọ̀ rẹ̀ dáadáa, omi á hó. Iná orí àti iná inú ń jó lórí ìdúró, bátìrì wo ni kò ní kú? Nígbà tí sáà kìíní dé ìdajì, wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì àti jíà àtijọ́ yẹn, wọ́n fi ti Ford Galaxie rọ́pò. Ẹni tó bá sọ pé ẹ́ńjìnnì Futura ni wọ́n fi ya gbogbo eré náà, ẹ má dá a lóhùn.

Ọmọ_Ìgboro:
Ẹ̀yin Dókítà, páráṣúùtù yẹn ńkọ́? Èyí tí wọ́n máa ń jù sẹ́yìn tí ọkọ̀ á sì yí padà bìrí.

Dókítà_Táyà:
Méjì ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ìbú. Irú èyí tí àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje tààrà máa ń fi dúró. Ìdádúró ni iṣẹ́ rẹ̀. Páráṣúùtù ń fa ìdí ọkọ̀ sẹ́yìn ní tààrà, kì í yí i. Sítíárìn àti bíréèkì ló ń yí ọkọ̀, kámẹ́rà ló sì ń parí rẹ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó kọ eré náà rántí pé páráṣúùtù tí wọ́n jù sílẹ̀ yóò wà ní àárín títì. Wọ́n wá dá ọkọ̀ kan sílẹ̀ nínú eré tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa lọ ṣa páráṣúùtù Batman. Àwàdà tó mọ ẹ̀rọ nìyẹn.

Pánẹ́ẹ̀lì_Bítà_Àgbà:
Ní ti iye rẹ̀: ọ̀kan ni ti inú eré. Barris fi mọ́ọ̀dù bu ara rẹ̀, ó ṣe mẹ́ta míì ní fáíbà láti máa gbé kiri ibi ìpàtẹ. Ṣáásì (egungun ìsàlẹ̀) ọkọ̀ Ford Galaxie ni wọ́n gbé wọn lé. Ibẹ̀ ni 126 ti wọlé. Galaxie ìgbà yẹn, 119 íńṣì ni láàárín táyà méjèèjì, nítorí náà wọ́n ní láti gé ṣáásì kí wọ́n fà á gùn. Ó tún ra èyí tí ẹlòmíì fi irin ṣe lórí Thunderbird 1958.

Fáíbà fẹ́ẹ́rẹ́, kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lórí ṣáásì tí wọ́n fà gùn, igun ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ ìyẹ́ á máa sán. Ọ̀dà dúdú tó ń dán kò sì bo ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo ìsán ló ń fi hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi nǹkan dúdú onírun bí àrán bo ara àwọn kan nínú wọn. Ẹni tó bá rí àwòrán Batmobile (orúkọ mọ́tò yìí nìyẹn) tó ní irun lára, kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ń ṣe é.

Bí ẹnì kan bá ní òun ń ta ọ̀kan, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré ló kọ́kọ́ yẹ ká fi kàn án. Kò mú fáíbà. Ṣùgbọ́n kí mágínẹ́ẹ̀tì mú un kò sọ ọ́ di ojúlówó, torí èyí tó wà lórí Thunderbird náà irin ni.

Àǹtí_Agbẹjọ́rò:
Kẹ́nikẹ́ni má tíì lọ da mọ́ọ̀dù. Ọkùnrin kan ní Kalifóníà ń ṣe àwòkọ ọkọ̀ 1966 àti ti fíìmù Batman 1989 fún títà, bíi 90,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. DC Comics, iléeṣẹ́ tó ni Batman, pè é lẹ́jọ́, DC Comics v. Towle. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kóòtù ìpẹ̀jọ́ ẹkùn kẹsàn-án dájọ́ pé Batmobile fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dá inú ìtàn, bí Batman ṣe jẹ́, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sì dáàbò bò ó. Ìdí tí wọ́n rò pọ̀: ó ní ìrísí, ó ní ìwà tí kò yí padà láti ìtàn kan sí òmíràn, ó sì ní orúkọ tirẹ̀. Wọ́n gbé e dé kóòtù tó ga jù, kóòtù yẹn kò tẹ́tí sí i ní 2016.

Lójú tèmi, ìdájọ́ tó dùn ni. Ilé ẹjọ́ sọ ohun tí gbogbo ọmọdé ti mọ̀, pé mọ́tò yẹn wà lára àwọn òṣèré.

Ọ̀dà_Tútù:
Ó kan èmi. Kíìtì tó rọrùn láti rí ni ti iléeṣẹ́ Polar Lights, ìwọ̀n 1:25. Íńṣì 226 pín sí 25, íńṣì 9 ló kù, sẹ̀ǹtímítà 23. Ti iléeṣẹ́ Aurora àtijọ́, 1:32 ni, bíi sẹ̀ǹtímítà 18.

Dúdú kò ṣòro. Ìlà ló ń pa iṣẹ́ ènìyàn. Pupa tó ń tàn yòò ni, irú tó ń tanná bí aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì. Ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í bo nǹkan, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá kùn ún lé dúdú, yóò di àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Nítorí náà, ẹ yí iṣẹ́ padà, ẹ ti orí ìlà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi omi àti ọṣẹ àwo fọ gbogbo ẹ̀yà, torí òróró mọ́ọ̀dù máa ń wà lára wọn, ọ̀dà kì í mú òróró. Ẹ fi sándípépà 600 pa á, kí ẹ tún fi 1000 kọjá lórí rẹ̀. Púráímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) funfun ni kí ẹ lò. Aláwọ̀ eérú yóò pa iná àwọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́n pupa sí gbogbo etí tí ìlà yóò gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú 15 láàárín wọn. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìgbà náà ni téèpù wọlé. Ẹ wá téèpù oníke tó ń tẹ̀, mílímítà 1. Téèpù onípépà ń ṣẹ́ ní ibi tí ìyẹ́ ti tẹ̀, ọ̀dà á sì yọ́ gba ibẹ̀. Ẹ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú igi ìtayín. Kí dúdú tó dé, ẹ kọ́kọ́ wọ́n ọ̀dà aláìláwọ̀ lé etí téèpù. Bí ohunkóhun bá máa yọ́ wọlé, aláìláwọ̀ ni yóò yọ́ wọlé, yóò sì dí ọ̀nà mọ́ dúdú. Àwọn tó ń fo ìgbésẹ̀ yìí ni ìlà wọn máa ń rí bí ẹni fi eyín gé e.

Dúdú, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ ṣí téèpù kí dúdú tó le tán, ẹ fà á padà sórí ara rẹ̀, ẹ má fà á sókè. Bó bá ti le tán, etí rẹ̀ á máa ṣẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí afẹ́fẹ́ bá tutù rinrin, ẹ má wọ́n ọ̀dà lákà rárá. Dúdú yóò di funfun bí eérú. Lákà kò sì gbọdọ̀ gun orí ọ̀dà ènámẹ́ẹ̀lì, á hun jọ bí awọ àgbà.

Gíláàsì: súpà gúlù ń tú èéfín tó ń mú un ṣú. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn ọmọléèwé ń lò tó, ó sì ń di aláìláwọ̀ bó bá gbẹ.

Ọmọ_Ìgboro:
Mo rí àwòrán tí ìlà yẹn ti jẹ́ ọsàn, òmíì pupa. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Ìyá_Fíìmù:
Kan náà ni, ọmọ mi. Àwọ̀ tó ń tanná kì í jókòó sójú kan. Lábẹ́ òòrùn ó fà sí ọsàn, lábẹ́ iná sítúdíò ó fà sí pupa olómi. Fíìmù tó ti gbó tún ní tirẹ̀. Ẹ má fi àwòrán orí fóònù pinnu àwọ̀. Ìlà náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan: láìsí i, ara dúdú nínú ihò dúdú kò ní ní etí, kámẹ́rà yóò rí òkìtì kan ṣáá.

Ọ̀dà_Tútù:
Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀tá rẹ̀ sì ni òòrùn. Bí ẹ bá gbé e sí ojú fèrèsé, pupa yẹn á ṣá.

Alágbẹ̀dẹ_Kékeré:
Corgi nọ́ńbà 267 ni iṣẹ́ tèmi. Bírítéènì ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 1966, bí íńṣì márùn-ún ní gígùn. Ohun mẹ́ta ló ń ṣe: ọ̀bẹ tó ń yọ ní imú láti gé ṣéènì, iná oníke nídìí tó ń wọlé tó ń jáde bí táyà ẹ̀yìn ti ń yí, àti ọfà oníke tó ń fò láti ẹnu ihò mẹ́ta lẹ́yìn ìjókòó. Ọfà 12 ló bá a wá nínú páálí. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, abẹ́ àga ló ń lọ.

Rífẹ́ẹ̀tì ló so ìdí mọ́ ara. Ẹ má lu dírílì já gbogbo rẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi ẹnu dírílì mílímítà 4 fá, díẹ̀díẹ̀, títí etí rẹ̀ yóò fi bọ́. Kí òpó tó kù sílẹ̀ pé, torí òun ni ẹ ó lu ihò sí fún ìdè kékeré nígbà àtúntò. Ẹ ṣí i nínú ike fífẹ̀, sípíríǹgì ọfà máa ń fò, ó kéré ju ìrẹsì lọ.

Kí ẹ tó fi oògùn ìbóǹkan pa ọ̀dà, ẹ yọ gbogbo ohun oníke àti rọ́bà kúrò, gíláàsì búlúù rẹ̀ pàápàá. Oògùn yẹn yóò yọ́ ọ, kò sì sí bí ẹ ṣe máa dá a padà. Síǹkì ni ara rẹ̀, irin rírọ̀ ni, ẹ má fi ọ̀bẹ há a. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ tó.

Iná tí kò rìn mọ́, ìdọ̀tí ló sábà máa ń fà á: okùn kápẹ́ẹ̀tì àti irun tó ti yí mọ́ ọ̀pá táyà ẹ̀yìn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kán kan péré. Ẹ má fi òróró mọ́tò sí i, ó ń mú eruku lẹ̀, oṣù díẹ̀ sí i ẹ ó tún ṣí i.

Àdán_Ọ̀sán:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè ìkẹyìn: bí 267 kan kò bá ní ìkọ́ ẹ̀yìn, ṣé ó já ni?

Alágbẹ̀dẹ_Kékeré:
Ó lè má já o. Àwọn àkọ́kọ́ kò ní ìkọ́. Ọdún 1967, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Batman jáde, ni wọ́n fi ìkọ́ sí i kó lè máa fà á. Ẹ yí i dorí kodò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ojú ibi tó ti ṣẹ́ kò bá sí lára ìdí rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni, òun sì ni àwọn tó ń kó o jọ ń wá jù. Ẹ má fi ìkọ́ sí i, ẹ má sì tíì kùn ún.